Ilẹ̀ Ẹgbẹ́ Kò Rìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Máàpù Inú Kọ̀ǹpútà

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ ní ìpàdé oṣù ní Rantya)

 Ìgbìmọ̀ ló ní kí n wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí máàpù wa, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di àròsọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé píráímárì ni mo kà mọ, páátì kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo sì ń tà. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Èyí tí kò bá yé yín, ọmọ wa tó ṣe iṣẹ́ náà jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ bi í.

Ẹ rántí ìdí tí a fi dáwọ́ lé e. Àwọn bàbá wa tó tẹ̀lé iṣẹ́ kùsà àti reluwé wá sí ìhà ibí, láti ìgbà tí ojú irin ti dé Bùkúrù ní 1914, kò ní ẹ̀rí mìíràn lórí ilẹ̀ tí wọ́n rà ju ìwé lọ. Nígbà ìjà 2001, ìwé àwọn mìíràn jóná mọ́ ilé. Ẹni tó wà ní ìlú baba rẹ̀, ará àdúgbò lè jẹ́rìí fún un; àwa tí a wà lẹ́yìn odi, ìwé ló ń jẹ́rìí wa. Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé kí a kó ìwé sọ̀fé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, àti ti ilẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, sínú kọ̀ǹpútà, kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè hàn lórí máàpù. Ìjọba pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀: Àbújá ní AGIS, Kàdúná dá KADGIS sílẹ̀ ní 2015. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí olúkúlùkù wá fi ilẹ̀ rẹ̀ hàn nínú ẹ̀rọ.

Ní ìpàdé tó kọjá, a ta máàpù náà sára ògiri, gbogbo yín sì rí i. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ kò bọ́ síbi tí ó wà. Ó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdajì rẹ̀ nínú ọgbà ẹlòmíràn, ìdajì rẹ̀ lórí gọ́tà. Ariwo ta. Ẹnì kan dìde, ó ní bàbá wa tí a rán lọ ra ilẹ̀ nígbà náà ti ta èyí tí a sanwó fún, ó wá fi àfọ́kù ilẹ̀ bò wá lójú. Bàbá kò dá a lóhùn. Ó mú fìlà rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà kò tíì wá sáàárín wa. Ojú tì mí, nítorí èmi Akọ̀wé ni mo ka nọ́ńbà inú ìwé sọ̀fé síta, tí ọmọ wa sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Tí a bá fẹ́ mú ẹnì kan, èmi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ohun tó ń gbé máàpù wa jáde ni ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ GeoServer. New York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó sì fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Ó jókòó sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni jókòó sí ìsọ̀: tí fóònù rẹ bá béèrè máàpù Rantya, á yà á, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Irú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ojú fèrèsé tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfíìsì. Ṣùgbọ́n GeoServer fúnra rẹ̀ kò mọ ìwé sọ̀fé. Ọmọ wa ló kọ àfikún kan sí i: tí a bá fún un ní nọ́ńbà àwọn bíkìn tó wà ní igun ilẹ̀, á fa ìlà láti igun dé igun, á sì ya pílọ́ọ̀tì náà.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ìpàdé, mo gbé ìwé sọ̀fé lọ bá a nílé. Mo bá a tó ń làágùn nínú òtútù. Ìtìjú ti mú un gbé GeoServer tuntun lé orí ti àtijọ́. Ó rò pé tuntun ni yóò tún un ṣe. Ńṣe ni ọ̀rọ̀ tún burú sí i: máàpù ìlú ń jáde, ṣùgbọ́n fèrèsé àfikún tirẹ̀ kò dáhùn mọ́. Ó tún fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo ní, "Jókòó ná, àbúrò. Kẹ̀kẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, a kì í tú gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó wá bi ẹ̀rọ náà pé kí ó ka orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó lè ṣe. Ìbéèrè náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, GetCapabilities. Ẹ̀rọ ka orúkọ lọ rẹrẹ, ti ọmọ wa kò sí níbẹ̀. A mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe pé àfikún náà ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Kò tilẹ̀ wọlé rárá. Ọmọ ìsọ̀ tó ṣi owó kà, àti ọmọ ìsọ̀ tí kò wá sí ọjà lọ́jọ́ náà, ìbéèrè tí èèyàn ń bi wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó ṣí ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ ìṣe rẹ̀ sí, geoserver.log, nínú fólídà tó ń jẹ́ logs. Ó gùn bí ìwé gbèsè. Ọmọ wa ń ka ìsàlẹ̀, ibi tí ẹ̀sùn pọ̀ sí. Mo ní kí ó gòkè lọ síbi tí ẹ̀rọ ti jí, kí ó wá ẹ̀sùn àkọ́kọ́, nítorí òun ló sábà máa ń bí àwọn tó kù. Ibẹ̀ la ti rí i. Àfikún tirẹ̀ gùn lé àfikún mìíràn tó ń jẹ́ WPS, WPS náà sì jẹ́ ti GeoServer àtijọ́. Òfin wọn ni pé nọ́ńbà àfikún àti nọ́ńbà GeoServer gbọ́dọ̀ bára mu gan-an. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́ pé páátì Bajaj kì í wọ TVS! Ó yọ ti àtijọ́ kúrò nínú fólídà WEB-INF/lib pátápátá, kò jẹ́ kí tuntun àti àtijọ́ wà pọ̀. Ó fi èyí tó bára mu síbẹ̀, ó tún tirẹ̀ tò lé e, ó pa ẹ̀rọ, ó sì tún un tàn, nítorí ẹ̀rọ náà kì í rí àfikún tuntun àfi tí ó bá tún jí. Fèrèsé ṣí. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ sì padà sórí gọ́tà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo mú fóònù mi lọ sí ilẹ̀ náà. Mo dúró ti bíkìn kan, mo kọ nọ́ńbà tí fóònù fún mi sílẹ̀. Mo gbé e wá lálẹ́, a tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Àmì rẹ̀ bọ́ síhà Langtang àti Wase! Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 150 sí Rantya. Ọmọ náà di orí mú. Ó pẹ́ kí a tó rí i pé a ti gbé ọ̀kan ṣáájú èkejì. Fóònù mi ka nọ́ńbà àríwá ṣáájú. Àfikún ọmọ wa ń retí ti ìlà-oòrùn. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀: ọ̀nà ìbéèrè àtijọ́ fi ìlà-oòrùn ṣáájú, ti ìsinsìnyí fi àríwá ṣáájú. Tí ó bá jẹ́ Èkó ni, níbi tí àríwá jẹ́ 6.5, tí ìlà-oòrùn jẹ́ 3.4, ẹni tó bá gbé wọn sódì á bọ́ sínú òkun, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti Jọ́ọ̀sì jọra bí ìbejì, nǹkan bíi 9.9 àti 8.9. O gbé wọn sódì, o ṣì wà lórí ilẹ̀, o ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Plateau; bí o kò bá fara balẹ̀, wàá gbà á gbọ́.

A tò ó bó ṣe yẹ, àmì náà sì bọ́ sí ìdí bíkìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn. Nọ́ńbà fóònù bọ́ síbi tó yẹ, nọ́ńbà ìwé kò bọ́ síbẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ mọ ìyàwòrán, àfikún sì mọ ìfàlà. A jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà ka ìwé fún un ni ó ṣẹ́.

Mo yẹ ìwé sọ̀fé náà wò títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ UTM Zone 32 síbẹ̀, wọ́n sì kọ Minna. Mo ti rí Minna yìí tipẹ́, mo rò pé ibẹ̀ ni sọ̀fẹ́yọ̀ náà ti wá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sọ̀fẹ́yọ̀ Nàìjíríà ní ojúbọ̀ kan tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣírò, L40 ni wọ́n ń pè é, Minna ló wà. Ìṣirò kan tí Clarke, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1880 lórí bí ayé ṣe rí ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ilẹ̀. Fóònù ní tirẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀run, òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni WGS84. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ìrẹsì, ẹ gbọ́ eléyìí: mudù mẹ́wàá ti ìhín àti kóńgò mẹ́wàá ti ilé, mẹ́wàá ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìrẹsì inú wọn kò dọ́gba. Ọmọ wa ti sọ fún àfikún pé 32632, èyí tí í ṣe WGS84. Ó yẹ kí ó sọ pé 26332, èyí tí í ṣe Minna. Ẹ wo bí nọ́ńbà méjèèjì ti jọra lójú. Àṣìṣe yẹn nìkan tó láti ti ilẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ sí gúúsù àti ìlà-oòrùn, ó lé ní mítà 100. Ẹ fi pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 wọ̀n ọ́n, ó ju mẹ́fà lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ó yí nọ́ńbà náà padà. Ilẹ̀ ẹgbẹ́ gòkè, ó jókòó sáàárín bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi sáré wọlé.

Mo tẹ àwọn ìgbìmọ̀ láago lóru náà. Lójú ẹsẹ̀, méjì nínú wọn ní irọ́ ni, pé gọ́tà ni àwọn ṣì ń rí lórí fóònù wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú àwòrán tó ti yà, kí ó má bàa tún un yà fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Àwòrán àná ló ń gbé fún wọn. Ó pa àwòrán àtijọ́ rẹ́, a sì ní kí àwọn náà nu ti inú fóònù wọn, kí gbogbo rẹ̀ tó rí bákan náà.

Ní ọjọ́ Àìkú, Alága, èmi àti ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé Minna fún un, ó dá mi dúró. Ó ní, "Akọ̀wé, ìpàdé yín sí ilẹ̀ yẹn, ìrìn mélòó ni?" Mo ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní, "Ta ló lọ wo bíkìn lọ́jọ́ náà kí ó tó pè mí ní olè?" Kò sí ẹni tó dáhùn nínú wa. Ó fún wa lómi mu. Ó ní tí ara bá le, òun á wá ní oṣù tó ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi máàpù wa yìí gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri. Fóònù lè fi mítà díẹ̀ ṣì ọ́ lọ́nà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ Minna di WGS84 sì ju ẹyọ kan lọ. Sọ̀fẹ́yọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ pè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ nílé, ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, Zone 31 ni tiyín, 26331 ni ọmọ wa yóò lò fún un, ẹ rán an létí. Ẹ̀dà ìwé sọ̀fé tí ẹ óò mú wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó bá yín dà á kọ. Nínú mọ́kànlá tí mo ti gbà, mẹ́rin ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń kọ Minna sí.