"Ẹ kú ọjà" kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì: Ìkíni, owó àti oore láàárín ọmọ Yorùbá àti ará Accra

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ibi ìkíni yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní kóun fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, yóò wá ọ̀rọ̀ tì ni.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin oníṣòwò kan láti Ìbàdàn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Accra. Ilẹ̀ mọ́, ó gba ọjà Makola lọ, ó fẹ́ ra aṣọ. Ká ní ọjà Gbági ló wà ni, kò ní dé ìsọ̀ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ sọ pé "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá o." Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Twi, kò gbọ́ Ga. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun àti ìyá aláṣọ jọ gbọ́. Ó bá fọwọ́ kan aṣọ, ó ní: "How much?"

Ìyá aláṣọ dá a lóhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó kọjú sí ará ìsọ̀ kejì, ó ní ọmọ Nàìjíríà ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Obìnrin náà kò gbéra ga. Ìyá aláṣọ náà kò sì burú. Èdè tí wọ́n yá lò ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, kò ríbi tó lè fi "ẹ kú" rẹ̀ sí, ló bá fi í sílé. Ọmọ Ghana ní tirẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. "Mepa wo kyɛw" ni àwọn tó ń sọ Twi fi ń ṣáájú ìbéèrè, bí ẹni tó ṣí fìlà kó tó sọ̀rọ̀ ni. Tó bá di Gẹ̀ẹ́sì, ó di "please," wọ́n a sì máa fi í síbi tí ọmọ Nàìjíríà kò ní ronú kàn. "Please, yes." "Please, no." "Please, how much?" Létí ẹni tó dàgbà sí Èkó, ó lè dà bíi pé ẹ̀rù ló ń ba onítọ̀hún. Kì í ṣe ẹ̀rù rárá. Ọ̀wọ̀ tí Yorùbá ń rọ́ sínú "ẹ" àti "yín" ni wọ́n rọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ kékeré fi ń di ńlá

Ì bá jẹ́ pé ọjà Accra nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí parí sí, kò ní tó ohun à ń jókòó sọ. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ti wà láàárín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi Ghana sílẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó di ẹrù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀fà, tí ẹlòmíì nínú wọn ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà. Ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì olójú pátápátá tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" títí dòní, àwa tó ń fi í ra ọjà kì í tiẹ̀ rántí pé ẹkún èèyàn wà nínú orúkọ náà.

Ọ̀rọ̀ kò sì tíì tán. Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní agbègbè Circle ní Accra, nítorí òfin ọdún 2013 tó sọ pé àjèjì tó bá fẹ́ máa tajà gbọ́dọ̀ kó mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀, tó sì fi ọjà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Nítorí náà, nígbà tí "How much?" bá já lu ìyá aláṣọ létí, gbogbo èyí tó ti gbọ́ rí ló ń gbọ́ mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kì í ṣe àlejò àná ní Accra. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà káàkiri ìlú náà, "alata samina" ni wọ́n ń pè é, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó wá láti ìhà Nàìjíríà.

Ẹni tó wọlé dé ló ń kíni

Ilẹ̀ Ga ni Accra, àmọ́ àwọn Akan pọ̀ níbẹ̀, àṣà wọn lórí bí àlejò ṣe ń wọlé sì ti kárí. Ẹni tó bá ti ìta dé ni yóò kí àwọn tó bá níjòókòó, ì báà ṣe òun ló dàgbà jù. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé òpin.

Ibí ni ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ ti máa ń ṣìṣe. Àgbà ilé ni ojú rẹ̀ ń wá. Yóò gba àárín agbo kọjá, yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá tó jókòó sí ìpẹ̀kun òsì. Lójú tirẹ̀, ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ ló ṣe yẹn. Lójú àwọn mẹ́rin tó fò dá, ó rí wọn bí ẹni kò rí wọn. Bàbá fúnra rẹ̀ ti na ọwọ́, ó sì ń wá ọwọ́ àlejò nílẹ̀. Ẹ wá yí i padà: ọ̀dọ́mọkùnrin ará Accra tó wá fẹ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú, tó nàró ṣánṣán tó na ọwọ́ sí bàbá ìyàwó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ó tó ọjọ́ náà kó tó kọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí àlejò bá kí wọn tán tó jókòó, àwọn ará ilé náà yóò dìde wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọn a ní "akwaaba," ìyẹn ẹ káàbọ̀. Omi ló kàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nílé Yorùbá. Ìgbà tó bá mu omi tán ni wọ́n tó máa bi í ní "amanneɛ," ohun tó gbé e wá. Onílé á kọ́kọ́ sọ pé àlàáfíà ló wà níbí, ìwọ tó wà lójú ọ̀nà ni ká gbọ́ tẹnu rẹ. Kódà bí wọ́n bá ti mọ ohun tó bá wá, wọ́n á ṣì bi í. Ẹni tó wá tọrọ oore, tó sì ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ rẹ̀, ti fi ìdajì oore náà ṣòfò.

Òótọ́ ni pé ìlú ńlá ni Accra. Nínú ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tí yóò bu omi fún ọ kó tó gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ tó bá dórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ilẹ̀ tàbí òkú, àṣà yìí ṣì múlẹ̀.

Ti ọwọ́ òsì kò le, nítorí Yorùbá náà kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Èkó ti mú kí a gbàgbé. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní trotro, ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dí yóò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, "sorry for left," kó tó na owó sí ọmọ ọkọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lórí dáńfó ní Ọ̀jọ́ta.

Ìkíni mìíràn wà tí kì í ṣe ìkíni lásán. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Accra yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní "Afehyia pa," ẹ kú ọdún. Àlejò tó dáhùn tó kọjá lọ kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí kò yẹ kó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, torí "Happy weekend, sir" tí àwọn máìgádì ń wí lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Owó tó ń wọ tábìlì àti owó tó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí

Orúkọ owó Ghana, cedi, tó jáde ní 1965, inú ọ̀rọ̀ Akan fún owó ẹyọ ló ti wá. Ní 2007, ìjọba gé òdo kúrò lára rẹ̀: 10,000 cedi àtijọ́ di cedi kan. Ṣùgbọ́n ẹnu kò tètè gé òdo. Ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń pe iye àtijọ́ fún ọdún pípẹ́, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń jẹ́ cedi márùn-ún, "fifty thousand" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Nàìjíríà tó ti ń fi náírà ṣírò lórí, ẹ̀rù á ba òun náà.

Kò sí ìjà lórí èènì o. "Ntosoɔ" ni tiwọn, ẹni tó sì ra tòmátì láìbéèrè rẹ̀, òun ló fẹ́.

Ibi òkú ni ọ̀rọ̀ owó ti ń díjú. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí àwọn èèyàn nínú aṣọ dúdú àti pupa lábẹ́ àgọ́. Tábìlì kan máa ń wà níbẹ̀, àwọn ará ilé òkú á jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹni tó bá dé yóò lọ fi owó ìbánikẹ́dùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "nsawa." Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀, wọ́n á já rìsíìtì fún un, ẹlẹ́rọ̀ gbohùngbohùn á sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ rí i, ẹnu á yà á. Rìsíìtì níbi òkú? Ṣé ṣọ́ọ̀bù ni? Òun ti ṣẹ́ owó tuntun sọ́wọ́, ó ń wá ibi tí ìlù wà kó lè jó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ olókùú níwájú orí.

Ìdí tábìlì náà rèé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí á jókòó ṣe ìṣírò. Wọ́n á wo iye tó wọlé àti iye tó jáde. Bí gbèsè bá kù, wọ́n á pín in láàárín ara wọn, ọmọ ẹbí kọ̀ọ̀kan á sì san tirẹ̀. Owó tó bá ti orí tábìlì wọlé ń fúyẹ́ ẹrù yẹn, ìwé sì jẹ́rìí sí i. Èyí tó lẹ̀ mọ́ iwájú orí kò sí nínú ìwé. Ẹni tó ná an lè ti ná ju gbogbo àwọn yòókù lọ, síbẹ̀ lójú ẹbí, kò dá nǹkan kan.

Ará Ghana náà máa ń sọ nù lóde Yorùbá. Yóò wo ọ̀tún wo òsì, kò ní rí tábìlì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé aṣọ ẹbí tí wọ́n ní kó rà ni tábìlì yẹn, àti pé ẹni tó ra aṣọ ti fi orúkọ sílẹ̀. Yorùbá sì mọ ẹni tó ná an fún wọn àti ẹni tí kò ná an, kódà bí wọn kò bá já rìsíìtì. Òfin wa gan-an ti ń gba ọ̀nà ti Ghana lọ: láti 2007 ni òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ka níná náírà lóde sí ẹ̀ṣẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan nílùú Èkó sì rán gbajúmọ̀ orí ayélujára, Bobrisky, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀.

Alájọ kò yàtọ̀

Láàárọ̀, ní ọjà kan náà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan á máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí ìkejì, káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí kálukú bá ń dá lójúmọ́ ni yóò gbà, yóò sì fàlà síbi ọjọ́ náà. Tí oṣù bá parí, yóò kó owó wọn fún wọn, yóò yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí obìnrin Ìbàdàn tí wọ́n máa ṣàlàyé èyí fún. Susu ni wọ́n ń pè é ní Accra, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì gbà pé inú èsúsú Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Yorùbá ya èsúsú, tí wọ́n ń kó kárí, sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ ojúmọ́. Ní Ghana, susu ni méjèèjì. Alájọ kò gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdúpẹ́ rí. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore láàárín àwọn Akan kì í dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀ kó parí síbẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, yóò padà lọ dúpẹ́. "Ẹ ṣé àná" ti Yorùbá gan-an nìyẹn, èyí tí ọmọ Yorùbá tún ń gbàgbé sílé nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Kó dé ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ lọ́jọ́ kejì, kó fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún náà dúpẹ́ àná, kó wá wo bí ojú ìyá yóò ṣe rí.

Tó bá sì jẹ́ ilé ló lọ, kó má kàn dìde fùú. Yóò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò, wọ́n á ní kó padà wá gba ìdajì tó kù.