Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òkìtìpupa)

Ìgbìmọ̀ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ènìyàn mẹ́rin nínú wa ti kọ̀wé béèrè owó alájẹṣẹ́kù láti fi rà á fún ọmọ tó wà ní yunifásítì. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mo sì tún lọ sí ti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi owó ara mi kọ́gbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi tiyín kọ́ irú rẹ̀.

Ní ọdún 2024, ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní OAUSTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa níhìn-ín, sọ fún mi pé òun kò lè fi fóònù kọ ìwé àṣekágbá, kí òun tún fi kọ́ bí a ti ń kọ ètò sínú ẹ̀rọ. Òótọ́ ló sọ. Mo yá owó, mo wọ mọ́tò lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Ọkùnrin ibẹ̀ gbé ẹ̀rọ gàgàrà kan jáde, ó ń dán, wọ́n lẹ i7 mọ́ ọn níwájú. Ó ní, "Bàbá, i7 ju i5 lọ, kí lẹ tún ń wò?" Mo sanwó. Èmi tí n kì í ra mọ́tò tòkunbọ̀ láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí n kì í sanwó láìgbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà ara ẹ̀rọ ni mo wò lọ́jọ́ náà!

Nígbà tí a tan án nílé pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó. Windows 11 kọ̀, kò wọ inú rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, iná lọ lójijì, disiki àtijọ́ inú rẹ̀ kú, orí kẹta ìwé ọmọ náà sì bá a lọ. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Oṣù méje ló ṣì kù tí wọn yóò máa yọ gbèsè náà lára owó oṣù mi.

Ọmọ náà ló wá kọ́ mi bí a ti ń ka nọ́ńbà. Bí a bá pe nǹkan ní i5 tàbí i7, ńṣe ló dà bí ẹni pe mọ́tò ní bọ́ọ̀sì tàbí lọ́rì. Kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́. Tèmi jẹ́ i7-2600. 2 tó ṣáájú yẹn fi hàn pé ìran kejì ni, ọdún 2011 ni wọ́n gbé e jáde. i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ, ti ọdún 2018. i5-10500 jẹ́ ìran kẹwàá. Nínú ẹ̀rọ Intel, ẹ má ra ohun tó rẹlẹ̀ sí ìran kẹjọ, nítorí pé láti ibẹ̀ ni Windows 11 ti ń gbà, Microsoft sì ti kásẹ̀ ìtọ́jú Windows 10 nílẹ̀ ní 14 October 2025. Ẹ má gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí wọ́n ṣí ibi tí wọ́n kọ About sí, kí ẹ fi ojú ara yín kà á.

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ kì í so mọ́tò iná mọ́ wáyà láìka wọ́ọ̀tì tó wà lára irin rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Ọpọlọ inú ẹ̀rọ tí mo rà jẹ́ wọ́ọ̀tì 95. i5-8500T jẹ́ wọ́ọ̀tì 35, ó sì lágbára ju tèmi lọ. Inú àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ ni ẹ ó ti rí irú rẹ̀: Dell OptiPlex Micro, HP EliteDesk Mini, Lenovo ThinkCentre Tiny. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ló ń lò wọ́n. Bí wọ́n bá pààrọ̀ wọn, wọ́n á di tòkunbọ̀. Gbogbo wa ní gúúsù Ondó la mọ ohun tí ojú wa rí ní ọ̀pọ̀ ọdún tí kò sí iná. Nítorí náà, wọ́ọ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ sì ra UPS pẹ̀lú rẹ̀, kí iná má baà já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Níbo ni kí owó lọ? RAM dà bí bẹ́ǹṣì tí fítà ń ṣiṣẹ́ lé lórí: bí ó bá kéré, gbogbo irinṣẹ́ á máa jábọ́. Ó kéré tán, kí ó jẹ́ 8GB. 16 ló dára fún ẹni tó ń kọ ètò. Disiki ni sítọ̀, kí ó sì jẹ́ SSD, kì í ṣe àtijọ́ tó ń yí bíi rẹ́kọ́ọ̀dù. Ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí kò ní ìlà ti tó. Kí ọmọ máa da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sínú fláàṣì ní alaalẹ́.

Ẹ má sanwó fún ètò tí wọ́n jí tí wọ́n sì ń tà lábẹ́ tábìlì. Ọ̀fẹ́ ni Linux, tí ọmọ ilé ìwé kan ní Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni Python tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni LibreOffice tí wọ́n fi ń kọ ìwé, ọ̀fẹ́ ni Zotero tó ń bá wọn to orúkọ ìwé tí wọ́n kà. Bí iṣẹ́ kan bá wúwo ju ẹ̀rọ ilé lọ, Google Colab ń yá wọn ní ẹ̀rọ tirẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló ń ra tírélà nítorí ẹrù ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún?

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ti láptọ́ọ̀pù. Bí ọmọ yín bá ń gbé ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́, láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ rà, nítorí bátìrì. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ti ilé lọ sí kíláàsì, tí àbúrò méjì yóò tún jókòó síwájú ẹ̀rọ kan náà, ti orí tábìlì ló sàn fún un: owó kan náà ra agbára jù, bí nǹkan kan bá sì bàjẹ́, a lè yọ ọ́ nìkan pààrọ̀. Láti June 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀ lọ́jà, nǹkan òkè òkun ti wọ́n gógó. Ní July 2024, wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ẹni tó bá yá owó ra ohun tí kò dára, owó pupuru ilé rẹ̀ ló sọ nù.

Ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ mi fi tún orí kẹta kọ, tó sì fi parí ìwé rẹ̀, ni mo gbé wá. Ó wà lórí tábìlì akápò. Kí àwọn mẹ́rin tó kọ̀wé dúró lẹ́yìn ìpàdé, kí a tan án, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ ka nọ́ńbà rẹ̀. Ní Sátidé, n ó bá yín lọ sí Ìkẹjà.