Kámẹ́rà Full-frame: Kí Ló Ń Ṣe fún Ẹni Tó Ń Ya Ojú Ènìyàn?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè pé: bó bá jẹ́ àwòrán ojú ènìyàn lèèyàn ń yà, ṣé dandan ni kó ra full-frame? Èsì mi ni pé full-frame ní àǹfààní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí àǹfààní ọ̀hún ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń gbà, owó lásán ló ń ná.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìwọ̀n full-frame ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú kámẹ́rà, tó bá jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú, 24 ní gíga: òun ni à ń pè ní full-frame. Ó ti wà tipẹ́ kí kámẹ́rà díjítà tó dé. Oskar Barnack, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Leitz nílùú Wetzlar ní Jámánì, ló mú fíìmù tí wọ́n fi ń ya sinimá, tó fi ṣe kámẹ́rà tó ṣeé kì bọ àpò. Ọdún 1925 ni wọ́n gbé kámẹ́rà yìí, tí wọ́n pè ní Leica, wá sí ọjà ńlá Leipzig. Fíìmù kékeré ni wọ́n kà á sí nígbà náà, nítorí ohun tó fẹ̀ jù ú lọ dáadáa ni àwọn onísítúdíò ń lò.

Ẹ wo Seydou Keïta, oní-fọ́tò tó ṣí sítúdíò rẹ̀ sí Bamako, ní Mali, ní 1948. Fíìmù tó fi ń ya àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ̀ ju full-frame lọ ní ìlọ́po 27. Ohun tí à ń pè ní ńlá lónìí kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá dúró níwájú àwòrán Keïta, ohun tó ń dá wa dúró ni bí obìnrin ṣe gbé ọwọ́ lé àga, bí òdòdó ara aṣọ rẹ̀ ṣe pàdé òdòdó ara aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀, àti bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ṣe rọra bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ló sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún oníbàárà. Gbogbo iṣẹ́ ti parí kó tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí díjítà dé, sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dípò fíìmù, wọ́n gógó bó bá fẹ̀ tó fíìmù Leica. Canon EOS-1Ds jáde ní 2002 ní iye tí kò dín ní dọ́là 7,999. Canon 5D tẹ̀ lé e ní 2005 ní 3,299, Sony A7 sì dé ní 2013 ní 1,699. Ọ̀pọ̀ oní-fọ́tò tí agbára wọn kò ká a ló ń lo APS-C, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 23.5 sí 15.6. Ibẹ̀ ni mo gbà pé full-frame ti di ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ nǹkan, tó fi di pé àwọn oníbàárà gan-an ń béèrè orúkọ kámẹ́rà kí wọ́n tó dúnàádúrà.

Ó yá, kí ni fífẹ̀ náà ń ṣe? Full-frame fẹ̀ ju APS-C lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po méjì. Bí ihò lẹ́ńsì bá ṣí bákan náà, tí àkókò bá dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ tó kó jọ sínú àwòrán yóò ju ti èkejì lọ níwọ̀n yẹn. Ní ti àmì wínníwínní, àwòrán full-frame ní ISO 6400 yóò wá sún mọ́ ti APS-C ní nǹkan bí ISO 3200 tàbí kó dín díẹ̀.

Ẹ bá mi wọ gbọ̀ngàn ìnáwó lálẹ́. Iná àlùkò ń yí lókè. Ọkọ ìyàwó wọ agbádá léèsì funfun, ó dúdú dáadáa, fìlà rẹ̀ sì ṣíji bo iwájú orí rẹ̀. Bí oní-fọ́tò bá tan ìmọ́lẹ̀ tó ojú, léèsì á funfun gbòò, òwú kan kò ní hàn lára rẹ̀ mọ́. Ó ní láti yà á ṣókùnkùn díẹ̀, kó wá fi kọ̀ǹpútà gbé ojú náà sókè. Lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré, àmì wínníwínní á bo iwájú orí àti kòtò ojú, àwọ̀ ara á sì di eérú. Lórí full-frame, ó ṣeé ṣe kí dúdú rẹ̀ tó ń dán ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí, n kò ní sọ fún un pé kó má rà á.

Ohun tó wá ń gbà lọ́wọ́ ẹni ńkọ́? Ẹ fi lẹ́ńsì 85mm sórí full-frame, ẹ ṣí i sí f/1.8, ẹ dúró ní mítà kan àbọ̀ sí ìyàwó. Ibi tí yóò mọ́ ketekete láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ẹyinjú á mọ́, etí á ti di bàìbàì, gèlè tí wọ́n fi sùúrù ká ní ìpele-ìpele á kàn di àwọ̀ lásán. Bó bá wá jẹ́ ìdílé tó tò ní ìlà mẹ́ta, dandan ni kí ẹ pa ihò lẹ́ńsì dé f/8. Ẹni tó ń lo APS-C á rí ohun kan náà ní nǹkan bí f/5.6. Ihò tí ẹ pa ti dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ ó gbé ISO sókè láti dí i, gbogbo èrè ìmọ́lẹ̀ yẹn á sì ti lọ. Àyàfi bí fíláàṣì bá wà láti fi kún un. Ibi yìí gan-an ni àwọn tó ń ta kámẹ́rà kì í bá yín dé.

Wọ́n tún máa ń sọ pé full-frame ń jẹ́ kí ojú gún régé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí ló ń pinnu ìrísí ojú. Bí ẹ bá sún mọ́ ènìyàn jù, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ yòówù kó jẹ́. Ẹ̀yìn bàìbàì pàápàá kì í ṣe ti full-frame nìkan: lẹ́ńsì 56mm f/1.2 tí Fujifilm ṣe fún APS-C ní 2014 ń ṣe ohun tí 85mm f/1.8 ń ṣe lórí full-frame, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan.

Nínú sítúdíò, níbi tí fíláàṣì wà, tí a ń lo f/8 àti ISO 100, ìyàtọ̀ tó kù kò tó èyí tí oníbàárà lè rí. Sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lè ní píkísẹ́ẹ̀lì 6000 sí 4000, tó tó tẹ̀ jáde ní íńṣì 20 sí 13 láìfà. Instagram tí a sì ń gbé púpọ̀ nínú àwòrán wa sí, píkísẹ́ẹ̀lì 1080 ní ìbú ni ó máa ń dín wọn kù sí.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí àwọn ènìyàn wa ń wá nínú àwòrán. Stephen Sprague ṣe ìwádìí nípa àwọn oní-fọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé àgbà Yorùbá máa ń jókòó gbangba, á dojú kọ kámẹ́rà, á gbé ọwọ́ lé orókún, aṣọ á sì hàn látòkè dé ilẹ̀. Ó tún rí bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tó kù láyé lẹ́ẹ̀méjì, tí wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀ kí ìbejì lè pé. Àwòrán bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́ kedere.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ yá full-frame kan fún ọjọ́ kan. Ẹ gbé ẹnì kan jókòó, kí ọmọṣẹ́ yín fi full-frame náà àti APS-C yà á láti ibì kan náà, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní íńṣì 20 sí 13, ẹ gbé e kọ́ ògiri láìkọ orúkọ kámẹ́rà sí i, kí ẹ sì pe oníbàárà wá kó yan èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà ni kí ọmọṣẹ́ tó mọ̀ bóyá full-frame ni owó rẹ̀ yóò rà, tàbí fíláàṣì méjì àti lẹ́ńsì gidi kan.