Irin Inú Ìràwọ̀



Àwọn òbí kan ti bi mí léèrè bóyá ó tọ́ kí ọmọ Àgùdà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ ní yunifásítì, níwọ̀n bí Ìjọ kò ti gba awòràwọ̀ láàyè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣì wọ́n lọ́nà. Èdè wa a máa pe ẹni tí ń fi ìràwọ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ń fi ìwọ̀n wádìí ìràwọ̀ ní orúkọ kan náà. Ti àkọ́kọ́ ni Ìjọ kọ̀. Ní ti èkejì, àwọn àlùfáà wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà rẹ̀. Angelo Secchi, àlùfáà Jésúìtì tí ó kú ní ọdún 1878, gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ sórí ilé ìjọ Ignatius Mímọ́ ní Róòmù, ó sì pín ìràwọ̀ tí ó ju 4,000 lọ sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ wọn ti rí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ọmọ tí a fi irú ìbẹ̀rù yìí dè yóò gbà pé ènìyàn kò lè jẹ́ onígbàgbọ́ kí ó sì jẹ́ onímọ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ sì ti ń fi Mísà sílẹ̀.

Bí a bá mú ìmọ́lẹ̀ gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, yóò tẹ́ bí òṣùmàrè. Nínú òṣùmàrè ìràwọ̀, a ń rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín. Irin ní tirẹ̀, kálísíọ̀mù ní tirẹ̀, bí ilà ojú àwọn baba wa ti ń sọ ìlú olúkúlùkù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, háídírójìn àti hílíọ̀mù nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Kálísíọ̀mù inú egungun wa àti irin tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa, lára àwọn ìràwọ̀ ni a ti rọ wọ́n, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́. Nígbà tí ìràwọ̀ ńlá bá kú, a bú gbàù, a tú ohun inú rẹ̀ dà sí òfúrufú, èyí tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ a sì jogún wọn. Ẹlẹ́dàá kò dínkù nítorí pé a rí àgbẹ̀dẹ Rẹ̀. Oòrùn wa náà jogún díẹ̀: nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ohun wíwúwo wọ̀nyí kò tó 2.

Nínú agbo ìràwọ̀ wa, ará ẹ̀yìn odi ni àwa jẹ́, bí ẹ̀yin náà ti jẹ́. Láti àárín gbùngbùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ a rin nǹkan bí 26,000 ọdún. Ekuru sì bo ibẹ̀ mọ́ wa lójú, bí ekuru ọyẹ́ ti ń bo òkè mọ́ ará Jos lójú. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí, irú èyí tí ara ń mọ̀ bí ooru lẹ́bàá ààrò, ni ó ń la ekuru náà kọjá.

Gáàsì pọ̀ ní àárín yẹn. Ìràwọ̀ ń bí, ìràwọ̀ ń kú, ìran lórí ìran, agbára òòfà kò sì jẹ́ kí ogún wọn sá lọ. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ ibẹ̀ ní irin ju oòrùn lọ, òmíràn tó ìlọ́po méjì. Síbẹ̀ tálákà wà láàárín wọn, àwọn tí irin wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oòrùn lọ. Gbígbé ní àárín ìlú kọ́ ni ọrọ̀, ẹ̀yin tí ń ṣe ìlara ará Èkó!

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tí ń lo awò Keck ní Hawaii rí ìlà scandium tí ó dúdú kọjá ààlà lára àwọn ìràwọ̀ kan níbẹ̀. Wọ́n rò pé ọrọ̀ àrà ọ̀tọ̀ ni. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn fi wọ́n wé àwọn ìràwọ̀ ńlá tí ó wà nítòsí wa, tí ooru wọn kò pọ̀, wọ́n sì rí irú ìlà kan náà. Àìgbóná ìràwọ̀ náà ni ó ń mú ìlà dúdú, kì í ṣe ọrọ̀.

Ní alẹ́ oṣù Keje tàbí Kẹjọ, bí òjò bá dá, tí òṣùpá kò sì yọ, ẹ kọjú sí gúúsù. Ibi tí ọ̀nà funfun ojú ọ̀run ti fẹ̀ jù, tí ó sì mọ́lẹ̀ jù, ìhà àárín náà nìyẹn. Ẹ pe àwọn ọmọ jáde kí wọ́n wò ó.