Ìkùnà Tí Aṣíwájú Lè Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lónìí, kò ní pẹ́ tí àwọn kan nínú yín yóò fi di ọ̀gá iléèwé, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa aṣíwájú tó kùnà.

Ní 1954, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti pinnu láti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Wọ́n ń gba owó orí tuntun sílẹ̀ dè é, inú sì ń bí ará ìlú. Nígbà tí ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé lọ́dún náà, ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, NCNC, gba ìjókòó 23 ní ẹkùn yẹn, Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tó ń ṣèjọba níbẹ̀, gba 18. Nínú ilé wọn ni wọ́n ti nà wọ́n!

Ìjọba Awólọ́wọ̀ ò tìtorí ẹ̀ pa ètò náà tì. Ní oṣù kìíní 1955, àwọn ọmọ wọlé, òbí tó ń kùn sì rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe. Nígbà tó di ìdìbò ẹkùn ní 1956, Action Group gba 48 nínú ìjókòó 80.

Ṣùgbọ́n ìkùnà kejì ló wọ̀ mí lára jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ti lé ní 800,000 lọ́dún àkọ́kọ́, olùkọ́ tó mọṣẹ́ ò sì kárí. Ìbò tí èèyàn pàdánù kò ṣeé bò, alátakò á pariwo ẹ̀. Ọmọ tó jókòó ní kíláàsì tí kò mọ̀wé kà, iye akẹ́kọ̀ọ́ lè bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1960, ìjọba ẹkùn náà gbé ìgbìmọ̀ Bánjọ kalẹ̀ láti tú ètò náà wò, ìgbìmọ̀ sì là á mọ́lẹ̀ pé olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Àgbà tó bá ṣubú a máa wẹ̀yìn wò, ṣùgbọ́n wíwẹ̀yìn yẹn nira fún ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀gá. Nítorí náà, bí èsì ìdánwò bá burú níléèwé yín, ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi. Ẹ kó ìwé àwọn ọmọ sórí tábìlì, kí gbogbo olùkọ́ jọ wo ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.