Níbo Lẹ Fẹ́ Sáṣọ Sí?

Ẹ̀yin ará Èjìgbò, ẹ̀yin ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ṣé ẹ ti fọṣọ tán? Níbo lẹ fẹ́ sá a sí? Orí koríko ẹ̀yìnkùlé? Rárá o! Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù. Ìdin rẹ̀ a wọ ara ọmọ, ibẹ̀ a wú bí oówo. Wáyà ńkọ́? Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ ìpẹtà rẹ̀ á kọlà sára aṣọ funfun. Ní Èjìgbò, ìlú Òrìṣà Ògìyán, níbi tí funfun ti níyì? Ẹ gbà mí o! Okùn rọ́bà ni tèmi. Ẹ ta á sókè, kó jìnnà sí eruku títì. Ẹ yí inú àdìrẹ síta, kí oòrùn má baà mú un ṣá. Kí ẹ tó wọ aṣọ yín, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, títí dé ìgbátí, kí ẹyin eṣinṣin náà lè kú.