Ètò Ìsìnkú àti Yíyan Ẹni tí Yóò Bá Wa Gbé Òkú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ kì í ṣe èyí tí etí ń fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní kàn nínú wa. Àwọn baba wa ní, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá sin baba rẹ̀ tán, kí ni yóò kù sí ọmọ náà lọ́wọ́?

Láyé àtijọ́, ẹbí ni ń wẹ òkú, àna a mú aṣọ wá, àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé a sì gbẹ́ ilẹ̀. Lónìí, àlejò ni a ń fi òkú wa lé lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn, nítorí iṣẹ́ ńlá ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, Tunji Okusanya, olórí ilé iṣẹ́ ìsìnkú MIC ní Èkó, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kú nínú ọkọ̀ òfurufú tí ń gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgú, tí ó ti jẹ́ gómìnà Òndó, lọ sí Àkúrẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọ̀wọ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a fara balẹ̀ yan ẹni tí yóò ṣe é.

Àìmúra ni ń ba ẹbí jẹ́. Bí òkú bá ti wọ ilé ìgbókùúsí, owó a máa gorí owó lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbí yóò máa ṣe ìpàdé lórí aṣọ ẹbí, màlúù àti onílù, títí oṣù yóò fi gorí oṣù. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa, tí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ti fi hàn wá pé ọlá òkú kò sí nínú pípẹ́. Ìgbà tí ariwo bá rọlẹ̀ ni opó yóò máa wá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kiri, tí a ó sì máa ta ilẹ̀ baba láti san gbèsè.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Dókítà ni yóò kọ ìwé ohun tí ó pa olóògbé. Bí ikú bá dé lójijì, tàbí nípa ìjàǹbá, tàbí tí ó mú ìfura lọ́wọ́, Òfin Kọ́rónà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2007, ní kí a fi tó ìjọba létí kí a tó sin ín. Òfin ọdún 1992 sì ní kí a forúkọ ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń ka ènìyàn. Láìsí ìwé wọ̀nyí, yóò ṣòro fún opó láti gba owó olóògbé ní báńkì.

Ohun kejì ni ilẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ìtẹ́ òkú sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn etí ọ̀sà ni tiwa, omi kò jìnnà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ń pọn omi kànga. Ẹni tí ó sin òkú sí ẹ̀gbẹ́ kànga fi alààyè sínú ewu. Bí ó bá sì ṣe ìtẹ́ òkú ni a yàn, ẹ gba ìwé ilẹ̀ náà pẹ̀lú iye ọdún tí ó wà fún. Ní Àjẹ́lẹ̀, l'Erékùṣù Èkó, ni a sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí nígbà tí ó kú ní 1891. Ìjọba tú ìtẹ́ òkú náà ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. A kó egungun Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Kàtídírà ní Marina, ṣùgbọ́n sàréè ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn pòórá.

Ohun kẹta ni asìnkú fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe bá ẹni tí ń dúró de ẹlẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn dúnàádúrà. Kí ẹni méjì nínú ẹbí lọ wo ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí wọn bèèrè ìwé àṣẹ ìjọba. Kí wọn wo bóyá ibẹ̀ mọ́, bóyá a so orúkọ mọ́ òkú kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọn ń ṣe nígbà tí iná bá kú. Kí wọn gba iye owó ní kíkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú bàjẹ́, pósí, ọkọ̀, àwọn tí yóò gbé e, àti iye tí ọjọ́ kan yóò fi kún un bí òkú bá pẹ́. Kí wọn sọ ohun tí ìsìn àti àṣà olóògbé kà léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Asìnkú tí kò bá bèèrè ìwé ikú lọ́wọ́ yín, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà, nítorí ohun tí ẹ bá ṣe ni mẹ̀kúnnù yóò tẹ̀ lé. Kí olúkúlùkù wa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le: ibi tí a ó sin ín sí, ẹni tí yóò ṣe ètò rẹ̀, àti iye owó tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Kí ó ka á sí etí olórí ẹbí àti aya rẹ̀, kí wọn sì fi ọwọ́ sí i. Nígbà náà, bí ẹnìkan bá ní dandan ni kí a yá owó láti fi ra màlúù, ọ̀rọ̀ olóògbé fúnra rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a sin òkú wa bí ọmọlúàbí, kí a má sì sin ọ̀la àwọn ọmọ wa mọ́ ọn.